Àpótí Méjì Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣófo

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún, ni mo kọ́kọ́ rí i. Wákàtí náà dá mi lójú nítorí pé iṣẹ́ mi ni láti máa kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí omíyalé oṣù kẹjọ, kí ó sì sọ bí odi tuntun tí wọn yóò mọ sí etí odò yóò ti ga tó. Ìjókòó kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ń to àga lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ títí ó fi le ni ó wọ̀, ó sì di fáìlì onírọ́bà kan mọ́ àyà bí ẹni tí ó gbé ọmọ tuntun.

Mo ní kí ó jókòó.

Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣẹ́ ìdúró ni mo fi dàgbà.”

Mo bi í bóyá ó wà lára àwọn tí a pè wá jẹ́rìí. Ó ní rárá, ẹnikẹ́ni kò pe òun. Ó ṣí fáìlì náà, ó sì na fọ́ọ̀mù kan sí mi. Fọ́ọ̀mù ìwọ̀n omi ti oṣù kẹjọ ni. Olú-iléeṣẹ́ tí ń bójú tó odò ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí i lórí pé: “Àpótí mẹ́ta ṣófo. Ṣàlàyé, kí o sì dí wọn.”

Ó ní, “Wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Àlàyé wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oṣù kẹjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.”

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, díẹ̀ ni ó sọ níwájú ìgbìmọ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù, èmi ni ó sọ ọ́ fún ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ tí ó tẹ̀lé e.

Bàbá Ọ̀pá ni gbogbo ẹni tí ń gba orí afárá kọjá ń pè é. Ọ̀pá náà jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kùn ní dúdú àti funfun, tí wọ́n kàn mọ́ òpó kejì afárá, tí wọ́n sì fi mítà àti sẹ̀ǹtímítà sí lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni yóò jáde láti inú yàrá onípáànù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá: ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Yóò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta, yóò tẹjú mọ́ ibi tí omi gbé kan ọ̀pá, yóò sì padà. Iye tí ó bá ga jù lọ lọ́jọ́ kan ni yóò kọ sínú àpótí ọjọ́ náà lórí fọ́ọ̀mù. Nínú yàrá náà, tábìlì kan wà tí wọ́n fi bébà ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kí ó má baà mì, aago ara ògiri kan, àti ẹ̀wù òjò kan tí ó ti gbó ní apá.

Atukọ̀ tí ń kó yanrìn nísàlẹ̀ afárá ni alábàáṣeré rẹ̀. Láàárín ara wọn, kò sí ọjọ́ tí èébú ọ̀rẹ́ kì í wáyé.

Atukọ̀ yóò ké láti inú ọkọ̀ pé, “Bàbá Ọ̀pá! Odò ní kí n kí ọ. Ó ní òun ò lọ ibì kankan o, kí o lọ sùn!”

“Sọ fún un pé mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ fọ́ọ̀mù.”

“Ìwọ àti fọ́ọ̀mù! Ọjọ́ tí o bá kú, àpótí fọ́ọ̀mù ni wọn yóò kọ ọ́ sí, kì í ṣe àpótí òkú ni wọn yóò gbé ọ sí.”

Òfin kan wà ní olú-iléeṣẹ́ tí ó le ju òfin ìjọba lọ: àpótí kò gbọdọ̀ ṣófo. Fọ́ọ̀mù tí àpótí rẹ̀ bá ṣófo, bírò pupa ni yóò fi padà, ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì kọ lẹ́tà àlàyé. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí ń ka omi lẹ́bàá odò náà mọ ọgbọ́n kan tí àgbà fi ń lé ọmọdé lọ́wọ́. Dídí ihò ni wọ́n ń pè é. Bí àìsàn bá dá ènìyàn dúró nílé, yóò mú iye tí ó ṣáájú ihò àti iye tí ó tẹ̀lé e, yóò pa wọ́n pọ̀, yóò pín in sí méjì, yóò sì kọ ìdajì rẹ̀ sínú àpótí. Ẹnikẹ́ni kò kà á sí irọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wà tí ó yan bírò pupa dípò rẹ̀.

Bàbá Ọ̀pá sọ fún mi pé, “Bí ẹni ń lẹ aṣọ tó ya ni a rí i. Ta ló pe ẹni tó lẹ aṣọ ní òpùrọ́?”

Òun fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó dí ihò. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni, ìyẹn ọdún kẹrin tí ó dé ẹnu iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ kan, ó ka mítà kan àti ààbọ̀, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ nílé tí ó ti ń rọbí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ìrọbí náà sì gba ọjọ́ kan, ó tún wọ ọjọ́ kejì. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ń lu páànù lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, nọ́ọ̀sì jáde sí i. Ariwo òjò pọ̀ débi pé nọ́ọ̀sì náà ní láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: obìnrin ni ọmọ náà, ó wà láàyè, ìyá rẹ̀ kò sí mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ nítorí pé kò mọ ibòmíràn tí ènìyàn ń lọ. Mítà méjì àti ààbọ̀ ni omi wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbójú sókè, ó rí ìlà ẹrẹ̀ lára ògiri àtẹ̀gùn, lókè orí rẹ̀ pátápátá, koríko tútù sì rọ̀ mọ́ ọn. Omi ti wá, ó ti dé ibẹ̀, ó sì ti padà, nígbà tí òun wà lórí bẹ́ńṣì. Pápá lásán ni ẹ̀bá odò nígbà náà, kò sí ilé kankan níbẹ̀ tí omi ìbá wó. Ó mú ìṣó ńlá kan àti òòlù, ó sì kan ìṣó náà sí àárín òkúta méjì, ní ojú ìlà ẹrẹ̀ gan-an. Kò mọ ẹni tí ó ń kàn án fún.

Nígbà tí oṣù parí, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì. Àpótí Ẹtì àti ti Sátidé ṣófo. Ẹrẹ̀ kì í ṣe ọ̀pá, ojú rẹ̀ kò sì bá omi náà pàdé. Ó pa mítà kan àti ààbọ̀ pọ̀ mọ́ méjì àti ààbọ̀, ó pín in sí méjì, ó sì kọ mítà méjì sínú àpótí kọ̀ọ̀kan.

Mo bi í ìdí tí kò fi fi wọ́n sílẹ̀.

Ó ní, “Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn yóò ní kí n ṣàlàyé. Akọ̀wé, ṣé kí n wá kọ ikú ìyàwó mi bí àwíjàre ẹni tó pa iṣẹ́ jẹ? Mo ní ó tó. Mo dí i.”

Ọmọ náà dàgbà nínú yàrá onípáànù náà. “Ìyá mi” ni bàbá rẹ̀ ń pè é, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni ọmọ dé tí ìyá lọ; bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò ṣe máa pè é níhìn-ín. Lára ọ̀pá ni ó ti kọ́ òǹkà kí ó tó wọ ilé ìwé. Nígbà tí ó yá, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sán tí kì í gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀ lẹ́bàá afárá, yóò sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé odò ni ìyàwó tí bàbá òun fẹ́ lẹ́yìn ìyá òun, pé orogún ìyá òun ni òun ń bá gbé.

Ọdún méje sẹ́yìn ni Ọ̀mọ̀wé dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, láti yunifásítì, ó wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn ká gbogbo ibùdó ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án tí ó wà lẹ́bàá odò. Ìjọba ń fẹ́ mọ odi, ó sì ti pinnu, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìgbésí ayé rẹ̀, pé òun yóò kọ́kọ́ bi ẹni tí ó mọ̀. Ọ̀gá kan láti olú-iléeṣẹ́ tẹ̀lé e wá. Ìyá mi, tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà, gbé omi mímu fún wọn.

Ọ̀mọ̀wé ní, “Bàbá, ẹ mọ̀ pé nínú ibùdó mẹ́sàn-án, ìwé tiyín nìkan ni kò ní ihò kankan? Ti àwọn yòókù dà bí asẹ́.”

Ìyá mi dá a lóhùn kí bàbá rẹ̀ tó lanu. “Bàbá mi ni wọ́n máa ń jí odò lójú oorun, ẹ̀gbọ́n mi. Bí ibà bá ń ṣe wọ́n gan-an, wọ́n á dìde.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀mọ̀wé wá bi í ní ìbéèrè tí ó yẹ kí olùwádìí bi: “Gbogbo iye yìí, Bàbá, ojú yín ni ẹ fi rí i?”

Ó ní, “Ojú mi ni.”

Ó sọ fún mi pé òun kò tíì pa ẹnu dé tí òun fi rántí ìṣó. Ìṣó náà wà lẹ́yìn Ọ̀mọ̀wé, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ọ̀gá olú-iléeṣẹ́ ń mi orí bí ẹni tí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ gba ẹ̀bùn. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Ó gbé ife omi, ó sì mu ún.

Ọ̀mọ̀wé ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Mo ti ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí màgòmágó kankan nínú rẹ̀. Ó fi ìwé mẹ́jọ tó ní ihò sílẹ̀, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé ìwé kan tí kò ní. Ó rí i pé láti ìgbà tí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, omi kò ga ju mítà mẹ́ta lọ. Ó fi ààbọ̀ lé e fún ààbò. Ìjọba gbà, wọ́n sì mọ odi náà ní mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ gẹ́lẹ́, bí ìwádìí ti wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín pápá tí ó wà lẹ́yìn odi fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé.

Atukọ̀ nìkan ni ó sọ̀rọ̀. Ó ní ní ọdún kan báyìí, òun so ọkọ̀ òun mọ́ ẹ̀ka igi tí ó ga ju odi yìí lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ bi í bóyá ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ni òun mọ̀ ọ́n wà, òun kò mọ̀wé.

Ìyá mi wà lára àwọn tí ó kọ́lé síbẹ̀: yàrá méjì, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ níwájú. Ní ọjọ́ tí ó mú bàbá rẹ̀ lọ wo ìpìlẹ̀, bàbá náà dúró, ó wo odi, ó tún wo ilẹ̀.

Ó ní, “Ìyá mi, ṣé kò ní dára kí o wo ilẹ̀ apá òkè yẹn?”

“Kí ló ṣe ti ibí?”

“Omi ni mo ń rò.”

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì di bàbá rẹ̀ mú lápá. “Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ tún ń sá? Bàbá, gbogbo àwọn aládùúgbò mi ni mo ti sọ fún. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, bàbá mi ló wọn odi yìí.”

Bàbá Ọ̀pá ní òun náà rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí ó sọ fún mi, èyí nìkan ni ó sọ tí ó kọjú sí ògiri.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ó ka mítà mẹ́ta àti díẹ̀, omi sì ń gòkè lójú rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

“Ìyá mi, jáde nílé. Jáde báyìí.”

“Mélòó ni ọ̀pá wí?”

“Ó ti lé mẹ́ta.”

“Ó ṣì ku bí ààbọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kó aṣọ àwọn oníbàárà sórí tábìlì. Aṣọ ìgbéyàwó ẹnìkan wà níbẹ̀, yóò bú mi títí ayé.”

“Fi aṣọ sílẹ̀! Odi yẹn kò tó!”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ wọ̀n ọ́n,” ni ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Mo ń bọ̀.”

Ó ju bírò sílẹ̀, ó sì sáré. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ó dé orí òkè tí ó kọjú sí àdúgbò náà ní àkókò tí omi gba orí odi kọjá, kì í ṣe bí ìgbì, bí ìkòkò tí ó kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni, tí odi fi ya lápá kan. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ni ó bá a lọ. Wọ́n rí Ìyá mi ní ọjọ́ kẹta. Ìdí nìyẹn tí àpótí mẹ́ta fi ṣófo lórí fọ́ọ̀mù oṣù kẹjọ, tí bírò pupa sì fi dé sí i.

Ohun tí ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa rọrùn láti sọ. Ó ti gbọ́ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ pàṣẹ pé kí wọ́n tún odi mọ bí ó ti wà, ní mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, nítorí pé ìwé fi hàn pé irú omi oṣù kẹjọ kò ṣẹlẹ̀ rí, pé ó sì lè má tún ṣẹlẹ̀ mọ́ láyé wa. Bí ó bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Àwọn ènìyàn sì ti ń kó páànù padà síbẹ̀.

Alága wa, adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, gbọ́ ọ tán, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni èyí. Ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí ni ó wà níwájú wa. Èwo ni kí a gbà gbọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Bàbá Ọ̀pá ní, “Ẹ má gba èmi gbọ́, sà. Ẹ lọ wo ìṣó.”

Ọ̀mọ̀wé wà nínú yàrá náà. A ti pè é láti wá gbèjà ìwé rẹ̀. Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀. Gbogbo wa tẹ̀lé e dé afárá. Ìṣó náà ti dípẹtà títí ó fi bá òkúta dọ́gba ní àwọ̀. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: mítà mẹ́rin àti sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá. Ìlà ẹrẹ̀ ti oṣù kẹjọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìka méjì péré.

Ọ̀mọ̀wé jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì yẹ ìwé ibùdó mẹ́jọ yòókù wò, àwọn tí ó ti fi sílẹ̀ ní ọdún méje sẹ́yìn. Nígbà tí ó rí ohun tí ó ń wá, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ní, “Ẹtì àti Sátidé kan náà. Ihò wà nínú ìwé gbogbo wọn lọ́jọ́ méjì yẹn. Wọ́n sá fún omi ni. Wọ́n kọ̀ láti dí i. Òótọ́ ni wọ́n kọ, mo sì pè é ní asẹ́.” Ó gbójú sókè. “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“O kò bojú wẹ̀yìn, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ. Má fi ẹ̀bi mi kún tìrẹ.”

Ó jókòó tì í. Atukọ̀ dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró nísàlẹ̀. Ó wò wọ́n, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Mítà márùn-ún ni odi tuntun yóò jẹ́. Wọ́n sì fi ìlà kan kún un, tí Ọ̀mọ̀wé kọ, pé láti ìsinsìnyí lọ, àpótí tí kò bá ní iye yóò wà ní ṣíṣófo ní gbogbo ibùdó, ìdí rẹ̀ yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjọba fọwọ́ sí méjèèjì.

Ó wá ku àtúnṣe sí ìwé àtijọ́ náà. Wọ́n gbé e wá láti olú-iléeṣẹ́, bébà rẹ̀ ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Bàbá Ọ̀pá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Mo fi ìlà kan pa mítà méjì rẹ́ ní àpótí Ẹtì àti ti Sátidé, mo kọ ìwọ̀n ìṣó sí etí ìwé, mo sì bi í ohun tí ó yẹ kí n kọ sínú àpótí méjèèjì.

Ó ní, “Fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o ṣàlàyé, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, ọjọ́ méjì yìí, n kò sí lẹ́tí odò. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mo wà.”